Ìyá Rẹ Kọ́ Ló Kọ̀

Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kìíní

Ọmọ mi,

Kì í ṣe ìyá rẹ ló ní kí wọ́n má gún ọ lábẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ni. Mo fẹ́ kí o ka èyí kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi: bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, màá kí ọ títí bébà yóò fi tán.

Ó yá, mo kí ọ. O kú ọdún, o kú òtútù, o kú iṣẹ́. O kú ewu ọjọ́ tí èémí fẹ́ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Lẹ́tà tí o fi kí wa kú ọdún dé lọ́jọ́ Ajé. Gíláàsì ojú mi wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, Olóyè àbúrò rẹ ló kà á fún mi. Ó kà á débi tí o ti ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Ó kà á débi tí dókítà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan tí yóò mú kí eruku mọ́ ọ lára díẹ̀díẹ̀, tí o sì ní o ò fẹ́. Lẹ́yìn náà ló ka gbólóhùn yìí: "Màmá mọ èémí mi ju dókítà lọ. Bí wọ́n bá kọ irú rẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n mọ ohun tí wọ́n rí." Olóyè mi orí, ó ní, "Òótọ́ ni, Màmá kì í ṣe nǹkan lásán." Mo ní kó fún mi lómi.

Bí o bá ro ọ̀rọ̀ ìtọ́jú yẹn títí, tí ọkàn rẹ kò gbà á, mi ò ní nǹkan sọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìyá rẹ lo rò pé ò ń tọ̀, ìyá rẹ kò gba ibẹ̀ kọjá. Irọ́ tèmi lò ń tọ̀ lẹ́yìn.

Ìwọ náà á rántí ilé oníyàrá méjì tí ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú rẹ̀, níbi tí mo ti ń di ìwé. Ìyá rẹ ló wá dókítà obìnrin tó ń fọwọ́ òsì kọ̀wé yẹn rí. Òun ló ń jí ọ ní Ọjọ́rú, òun ló ń mú ọ wọkọ̀ lọ gba abẹ́rẹ́. Nígbà tó fi máa pé oṣù kan ó lé díẹ̀, èmi nìkan dìde, mo lọ sí ilé ìwòsàn, mo fọwọ́ síwèé pé ẹbí kò fẹ́ mọ́. O bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé ṣé a ò ní í lọ mọ́ ni. Mo ní, "Ìyá rẹ ló ní ó tó gẹ́ẹ́." Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ sáṣọ. Kò sọ nǹkan kan. Títí ó fi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, kò sọ ọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti lọ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òtítọ́ kò lé e bá. Èmi ni mo dúró dè é, torí mo rí i pé ìwọ ló fẹ́ pa.

Jọ̀ọ́, padà lọ bá dókítà rẹ, kí o ní o ṣì ń rò ó. Mi ò tọrọ àforíjì nínú lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ èémí rẹ ni ká kọ́kọ́ sọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ káàárọ̀ o, tàbí ẹ káalẹ́, ìgbàkígbà tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Mo lérò pé gíláàsì ti dé. Bí kò bá tíì dé, ẹ má jẹ́ kí Olóyè ka èyí. Ẹ fi pamọ́ títí yóò fi dé.

Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Lẹ́yìn náà mo lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà tó kù fún mi ní àjà karùn-ún òtẹ́ẹ̀lì. Mi ò rántí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ikọ́ fée dá mi dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo sọ fún Màmá pé àwọn ni wọ́n sọ mí dà báyìí, pé tí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ni, ara mi ì bá ti yá. Wọ́n ní, "Bínú dáadáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n máa mí." Bàbá, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé fíláàsì tíì dání.

Ìgbà tí wọ́n kú tán ni mo wá yí ìbínú yẹn padà. Mo ní wọn ò lè ṣe é láìnídìí. Mo ní ìyá tó ń gbọ́ bí mo ṣe ń mí láti yàrá kejì, ó ti rí nǹkan tí dókítà kò rí. Òun ni mo fi lé dókítà ibí yìí sẹ́yìn nígbà méjì.

Ẹ kí mi kú ewu. Bó ṣe rí nìyí. Mo gbọn ìbora kan ní yàrá tí àlejò ti sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àyà mi sì dì pa. Ìnhélà tí mo ń fín sẹ́nu wà nínú àpò, àpò wà nísàlẹ̀. Àwọn méjì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé mi sórí kẹ̀kẹ́ aṣọ ìdọ̀tí, wọ́n tì mí wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń pariwo fún àwọn àlejò pé, "Ẹ yàgò, ènìyàn ló wà nínú aṣọ yìí." Wọ́n ṣì ń fi ṣe mí ṣẹ̀fẹ̀ títí di òní.

Mo ti padà lọ bá dókítà. Ó kán omi oríṣiríṣi sí mi lápá, ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan ló wú bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ: ti àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú eruku, tí ń gbé inú tìmùtìmù àti ìrọ̀rí, tí ojú kò lè rí. Ó ní òun kò ní bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ìnhélà àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni kí n lò ná, kí èémí mi fara balẹ̀ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, torí kò bójú mu kí á máa kọ́ ara ní nǹkan tuntun nígbà tí àyà ṣì ń súfèé. Ó wá bèèrè: abẹ́rẹ́ mélòó ni wọ́n gún mi nígbà yẹn? Báwo ni ara mi ṣe gbà á? Kí ni wọ́n fún mi?

Ẹ dáhùn ìyẹn. Kí ẹ tún sọ ìdí tí ẹ fi ṣe é.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kejì

Ọmọ mi tòótọ́,

O kú ìnawọ́ sí mi pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ṣe. Gíláàsì ti dé. Èmi nìkan ni mo ka lẹ́tà rẹ. Nígbà tí mo dé ibi fíláàsì, mo ní láti bọ́ gíláàsì náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

O ní kí n sọ ìdí. Ẹ̀rù ni. Abẹ́rẹ́ kẹta ni, èmi náà tẹ̀ lé yín lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gún ọ tán, wọ́n ní kí ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Apá rẹ wú. Àyà rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó gún ọ ní nǹkan mìíràn, o sì padà bọ̀ sípò. Mo wo ojú rẹ lọ́jọ́ yẹn, mo bi ara mi pé irú ìtọ́jú wo ni kí wọ́n máa fi ohun tó ń pa ọmọ sí ọmọ lára. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, ṣé oró ejò la tún ń fún un mu? Baba tó bá fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ lè ṣe ohun tí mo ṣe.

Ohun tí wọ́n fún ọ, mi ò rántí orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́. Sọ fún dókítà pé ó ti pẹ́.

Àlàáfíà ni Olóyè wà. Ó ti ń sanra, ó ní ìbànújẹ́ ni.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Ẹ sọ fún Olóyè pé ìbànújẹ́ kì í jẹ búrẹ́dì odindi.

Mo gbé ọ̀rọ̀ ejò yín lọ bá dókítà. Kò fi yín rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ òbí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní eruku kì í ṣe oró, ara mi ló ṣi eruku mú fún ọ̀tá, tó ń ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ọn, títí kan ilẹ̀kùn èémí. Ìtọ́jú náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń mú àjèjì wọlé díẹ̀díẹ̀, lónìí ó dé ẹnu ọ̀nà, lọ́la ó jókòó, títí ajá ilé yóò fi dákẹ́ gbígbó. Ọdún mẹ́ta ló ń gbà, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ràn lọ́wọ́, mi ò sì ní ju ìnhélà nù. Fún irú tèmi, òun fẹ́ràn oògùn pẹlẹbẹ tí a ń fi sábẹ́ ahọ́n ju abẹ́rẹ́ lọ. Àkọ́kọ́ rẹ̀, iwájú òun ni màá ti lò ó. Ó fún mi ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Oṣù Kẹfà.

Bàbá, mo ti fara balẹ̀ ro ọ̀rọ̀ yín. Apá mi wú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí abẹ́rẹ́ kẹrin. Nọ́ọ̀sì ní kí n má bẹ̀rù, pé dókítà ti dín in kù. Ó ní kí n máa ka ìṣẹ́jú lára aago ògiri. Nǹkan kan kò ṣe mí. Ẹ̀yin gan-an lẹ mú mi lọ lọ́jọ́ yẹn, nítorí Màmá ní ibà. Ẹ ra ìwé ìyàwòrán fún mi nígbà tí à ń bọ̀, ẹ sì ń súfèé orin lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ẹ̀rù bà lẹ́yìn ìkẹta kì í súfèé orin lẹ́yìn ìkẹrin. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Ogún, Oṣù Kẹrin

Bàbá,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé, n ò rí èsì. Olóyè ní ara yín le, ẹ ń jẹun, ẹ sì ń bá rédíò jiyàn. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Bí ẹ kò bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ sọ pé ẹ kò fẹ́. Ẹ má kàn dákẹ́. Màmá ti dákẹ́ tó fún gbogbo wa.

Èémí mi ti ń fara balẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta lánàá láìdúró.

Èmi.


Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí èémí rẹ tó gun àtẹ̀gùn. Lẹ́tà mẹ́rin ni mo kọ tí mo ya. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi ru ú, n ò rí.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kẹrin, dókítà ní òun fẹ́ rí ibi tí ọmọ ń sùn. Ó wá ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kún ọwọ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń dúró de àwọn rẹ́jísítà àtijọ́ tí mo ń tún dì fún un. Dókítà kí wa, ó kọjá wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Ìwọ náà mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kò gba gbogbo ìwé, abẹ́ rẹ ni mo ń kó wọn sí: ìwé tó ti pé ogójì ọdún, tó ti mu òjò, tó ti hu. Ó fa ìdì kan jáde, ó fi ìka ra á, ó gbé ìka náà sókè fún mi.

Ó ní, "Bàbá, à ń fi ṣíbí kékeré kọ́ ara ọmọ yìí ní eruku, ẹ̀yin ń fi garawa dà á lé e lórí. Iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé."

Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín. Mi ò rò pé ó ní i lọ́kàn láti fi mí ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ wá sọ níwájú wọn pé òun ti rí yàrá kan lẹ́yìn ilé kápẹ́ńtà, tí mo lè máa lò. Ó ti rí i láìsọ fún mi. Mo gbọ́ ọ bí ìgbà tí obìnrin méjì jókòó dájọ́ fún mi nínú ilé mi. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé láàárín oníṣẹ́ ọwọ́, èmi ni wọ́n wá sọ fún pé iṣẹ́ mi ló ń fún ọmọ mi lọ́rùn.

Òótọ́ ni. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni bí ó ti ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè gbà. Mo rò ó pé bí abẹ́rẹ́ bá dópin, dókítà kò ní padà wá, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún gbé ìka sókè sí mi. Mo lọ fọwọ́ síwèé. Nígbà tí wọ́n bi mí nídìí, mo ní ìyá ọmọ ló ń bẹ̀rù.

Ìyá rẹ gbọ́. Ó ní, "O fi orúkọ mi ṣe é." Mo ní kó sọ fún ọ bó bá wù ú. Ó ní, "Bí mo bá sọ fún un, kò ní sún mọ́ ọ mọ́. Bí èémí bá gbé e lọ́jọ́ tí mi ò sí nílé, ta ló máa sáré pè? Kó máa bínú sí mi, kó ṣáà máa pè ọ́." Bẹ́ẹ̀ lo sì ń ṣe. Gbogbo ìgbà tí àyà bá dì, èmi lò ń sáré bá. Mo gbé ọ lé èjìká lọ sí ọsibítù ní ẹ̀ẹ̀meje, àwọn èèyàn ń sọ pé baba rere ni mí.

Ó gbà mí ní ọdún méjì kí n tó gba yàrá ẹ̀yìn ilé kápẹ́ńtà. Mo ní ti àwọn oníbàárà ni.

Ohun kan ṣì kù. Ìyá rẹ ní káàdì ilé ìwòsàn rẹ, tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sí. Mo mú un nínú àpótí rẹ̀. Ó wá a títí, ó rẹ̀ ẹ́. Mi ò sun ún, ẹni tó ń di ìwé kì í sun ìwé. Nígbà yẹn mo ń di ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tó wà lórí tábìlì mi, iṣẹ́ tó dára jù nínú ayé mi. A máa ń fi bébà tí kò wúlò mọ́ tẹ́ inú páálí èèpo ìwé, kó lè le. Mo fi káàdì náà tẹ́ ẹ, mo fi awọ bò ó. Ọdún mẹ́jọ lo fi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí ìwé yẹn.

Mi ò purọ́ fún ọ nínú lẹ́tà yìí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan. Mo ka lẹ́tà yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì gbé e fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mú gègé.

Mi ò mọ ohun tí màá pe ọkàn mi. Èjìká yín wà nínú rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ bínú tán, kí n sì máa mí.

Ṣùgbọ́n ẹnu yín ti sọ ohun mẹ́ta fún mi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, Màmá ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù ni. Nísinsìnyí, ìgbéraga ni. Mo gba ìkẹta gbọ́, síbẹ̀ mi ò lè fi ẹnu yín nìkan la ẹnu mi kí wọ́n fi oògùn sábẹ́ ahọ́n mi. Ohun tí Màmá fẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀, láti ọwọ́ Màmá. Dókítà náà sì nílò ohun tí wọ́n kọ sínú káàdì yẹn nípa abẹ́rẹ́ kẹta.

Bí mo bá rí káàdì náà ṣáájú ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, màá lọ. Bí mi ò bá rí i, mi ò lè ṣèlérí.

Mo mọ ohun tí ìwé atúmọ̀ èdè yẹn jẹ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí Olóyè bá yín dì í mú bí ẹ bá ń tú u, ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

O kú ìfojúsọ́nà. Lẹ́tà rẹ dé láàárọ̀ àná, a ṣe iṣẹ́ náà lọ́sàn-án.

Olóyè dì í mú. Mo fi ọ̀bẹ la awọ létí, mo fi aṣọ tútù àti ooru omi gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù. Ó gbà wá ní wákàtí mẹ́ta. Olóyè ní, "Bàbá, ẹ lẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tún jáde láyé." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni." Ó wò mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìjókòó yẹn, láti orí abẹ́rẹ́ kìíní. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi ìwé sílẹ̀ lọ́wọ́.

Èèpo ìwé náà bàjẹ́. Mi ò ní tún un dì.

Olóyè ní kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tò káàdì, kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó yà á fún dókítà, ó sì ti yà á. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú lọ́wọ́ ìyá rẹ, mi ò lè dá àwòrán rẹ̀ padà. Káàdì gan-an ló wà nínú àpòòwé yìí. Mo san ti ẹni tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà rẹ, ìwọ nìkan ni yóò fọwọ́ sí i.

Etí rẹ̀ kan ya níbi tí gọ́ọ̀mù ti le jù. Ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Iwájú rẹ̀ ni dókítà kọ tirẹ̀ sí, orúkọ oògùn tí wọ́n fi dá ọ padà lẹ́yìn ìkẹta wà níbẹ̀ kedere. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti ìyá rẹ, pẹ̀lú bírò búlúù. Ìkíní: "Kò sunkún." Ìkejì: "Apá yún un díẹ̀." Ìkẹta: "Apá wú, àyà ń súfèé, nọ́ọ̀sì tètè dé. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ó ní ebi ń pa òun. Dókítà yóò dín in kù. Ẹ̀rù bà mí, a ó máa bá a lọ." Ìkẹrin: "Bàbá rẹ̀ ló mú un lọ. Nǹkan kan kò ṣe é."

Ó ti kọ ìkarùn-ún sílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé: "Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án. Kí n tètè jí i."

Gbà á. Tìrẹ ni.

Bàbá rẹ.